Basile, Bàbá Akọni

Basile kò bí Gaël. Léonce, ẹ̀gbọ́n Basile, ló bí i, ó sì kú nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ìyá ọmọ náà fi oko ẹ̀pà tọ́ ọ dàgbà. Òun náà kú ní ọdún kẹta sí ìsinsìnyí.

Gaël di sọ́jà. Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n pa á ní ààlà ìhà àríwá, níbi tí ìjọba rán an lọ. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, Félicité aránṣọ, àti ọmọ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún méje, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Basile di Bàbá Akọni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ jẹ ẹ́.

Ó ra kóòtù aláwọ̀ ewé, ó ní kí aránṣọ kan ní Pobè fi bọ́tìnnì idẹ mẹ́fà sí i. Bí o bá pè é ní Basile, kò ní dá ọ lóhùn. Bí o bá pè é ní Bàbá Akọni, á dúró, á gbá ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, á gbé ọwọ́ sí iwájú orí bíi sọ́jà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn alùpùpù akérò. Ó ṣubú.

Àwa àgbà ẹbí tí a máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù Fádèyí ní Igana ní oríkì tiwa fún un: Ọ̀gágun Orí Àga, Ajagun-má-jìnnà-sílé, Akíkanjú tí ìbọn kò mọ ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ti àkọ́kọ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ìjọba ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹbí sọ́jà tó bá kú lójú ogun. Ìyàwó ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ ní tiwọn títí wọ́n á fi dàgbà, ẹni tó bá ń tọ́jú wọn ló sì máa ń gbà á. Bàbá àti ìyá, bí wọ́n bá wà láàyè, ní tiwọn pẹ̀lú. Ẹnì kan ka gbogbo èyí sí etí Basile. Ọ̀rọ̀ bàbá nìkan ló gbọ́.

"Èmi ni mo tọ́ ọ," ló ń wí káàkiri.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ni Gaël gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Mo mọ̀, nítorí èmi ni mo fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ, èmi náà ni mo gbé e padà. Ó ti rù nígbà tí mo gbé e padà.

Basile sọ fún Félicité pé kó kó àwọn ọmọ lọ sí Towé, kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà lọ. Ọjọ́ kẹta, Basile wà ní búrò ní Pobè, ó ń sọ fún wọn pé ìyàwó ti kúrò nílé, pé òun ni bàbá olóògbé, pé òun náà ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ bí alágbàtọ́ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá gbà fún un, ohun tó yẹ kí àwọn ọmọ méjèèjì máa jẹ yóò máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, a sì mọ ọwọ́ náà.

Búrò ní àwọn fẹ́ gbọ́ ti ẹbí ná. Wọ́n rán obìnrin kan wá, Christelle. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Pobè, ṣùgbọ́n ìhà Natitingou ní àríwá ni wọ́n ti bí òun. Ó gbọ́ èdè wa dáadáa.

Àárọ̀ Sátidé la pàdé, Félicité ti Towé wá. Basile ló ní kó jẹ́ ilé òun. Ó gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó yá àga méjìlá.

"Bàbá, kí lẹ jẹ́ sí olóògbé?" ni Christelle béèrè.

"Bàbá rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ bí i?"

"Ọ̀rọ̀ bíbí kọ́ la ń sọ. Èmi ni mo tọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ló ta sílẹ̀ ní ààlà yẹn."

Christelle yíjú sí Félicité. "Ìyàwó, ṣé bàbá ọkọ yín nìyí?"

Félicité wolẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó ilé kì í ja àgbà níyàn láwùjọ. "Bàbá ọkọ mi ni wọ́n," ó ní. Ó wo gbogbo wa yíká. "Gbogbo wọn ni bàbá ọkọ mi."

Òótọ́ ló sọ. Christelle fi bírò họ orí.

Basile rí i pé ọ̀rọ̀ ń lọ sọ́dọ̀ òun. "Ẹ̀rí wà," ó ní. Ó wọlé, ó gbé fótò kan jáde, ó fẹ̀ tó ọpọ́n àkàrà, ó fi férémù wúrà yí i ká. Ó gbé e lé orí itan Christelle.

Àwọn sọ́jà wà nínú fótò náà. Pósí wà nínú sàréè. Basile dúró létí sàréè gan-an, ó gbé ṣọ́bìrì dání, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Ta lẹ rò pé wọ́n máa jẹ́ kó dúró síbẹ̀?" ó ní. "Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n sún fún mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Fótò yìí dára, bàbá," ni Christelle wí.

Gbogbo wa yíjú kúrò lára fótò náà. Obìnrin náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Prudence ló là á yé e. Òun ni ẹ̀gbọ́n Léonce àti Basile, ó ti tó ọgọ́rin ọdún. Ó ti ń tòògbé láti àárọ̀. "Ẹ gbé e wá kí n rí i," ó ní. Ó sún fótò náà mọ́jú. "Ta ni èyí tó ń wo inú sàréè?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ bàbá ọmọ."

"Èmi bàbá ọmọ."

"O bu yẹ̀pẹ̀ sí i."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Nígbà tí ẹ darí dé, kí lo jẹ?"

Ìgbà yìí ni ohùn Basile rọlẹ̀. "Àkàsà."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀."

"Àwo méjì," ni mo wí.

Ìyá Prudence kọjú sí Christelle. "Ọmọ mi, o kì í ṣe ará ibí, jẹ́ kí n sọ fún ọ. Bí ọmọ bá kú lọ́dọ̀ wa, bàbá rẹ̀ kì í dé ibi sàréè. Inú yàrá ló ń wà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó tì í. Kò ní rí pósí. Kò ní fẹnu kan oúnjẹ ọjọ́ náà. Èyí tó bá débẹ̀, a ó fá orí rẹ̀, á jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta, kò sì ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ́ ti ọmọ náà mọ́ láyé." Ó yíjú padà. "Basile, abẹ wà nílé mi. Kí n lọ mú un?"

Basile fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ó ti pa á láró dúdú fún ìpàdé náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àbúrò bàbá ni mo ṣe lọ síbẹ̀."

Christelle gbé bírò sókè. "Àbúrò bàbá?"

"Níbi sàréè, àbúrò bàbá. Nínú ìwé, bàbá."

"Ìlà kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ìwé, bàbá."

Fádèyí rẹ́rìn-ín títí àga fi ṣẹ́ nídìí rẹ̀. Basile ló máa san án.

"Èwo ni kí n kọ?" ni Christelle béèrè.

Ìyá Prudence ti ń wá bàtà rẹ̀.

"Àbúrò bàbá," ni Basile wí.

Christelle kọ ọ́, ó kà á sókè. Bàbá olóògbé ti kú. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ. Félicité fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ pé pérépéré, kò kánjú. "Ọjọ́ Ajé ni màá kó wọn padà láti Towé," ó ní. Kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ó ku ẹlẹ́rìí kan láti ẹbí bàbá," ni Christelle wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ni wọ́n máa ń fún ẹlẹ́rìí?"

"Wọ́n máa ń kí i pé ó ṣeun."

Gbogbo wa ń wò ó. Ó fọwọ́ sí i.

Félicité kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, àbúrò bàbá ọkọ mi."

Basile dìde. Ó gba àárín wa kọjá, ó ṣí ilẹ̀kùn ìta, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

"Níbo ni wọ́n ń lọ?" ni Christelle béèrè.

A kò mọ̀. Ilé rẹ̀ la jókòó sí.