Koosi Stubblefield Ń Wá Òmìrán

Bí ẹ bá dé ìlú wa, Culpepper Springs, ní Alabama, ẹ tètè kí Koosi Doyle Stubblefield. Bí ẹ ò bá kí i, yóò kí ara rẹ̀ fún yín. Òun ni olórí àwọn tó ń kọ́ ọmọ Yunifásítì Tolliver ní bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tiwa níbí, èyí tó ṣóńṣó lẹ́nu méjèèjì, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá bí ẹni jí adìẹ gbé. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́bàá títì márosẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà, ó fajú ro, ó sì tóbi ju àwòrán pásítọ̀ àti ti lọ́yà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní wọ́n ya òun kéré.

Èèyàn kúkúrú ni Koosi. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà tó ń wọ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ga débi pé bó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sọ̀kalẹ̀ bí alákàn. Kì í sì í pe ara rẹ̀ ní "èmi". "Stubblefield kì í ṣàṣìṣe," ni yóò máa wí. Bí wọ́n bá nà wá ní pápá, àwọn ọmọ ló ṣàṣìṣe. Bí a bá borí, ẹ lọ wo àwòrán lẹ́bàá títì.

Lọ́dún tó kọjá, Yunifásítì Calloway, àwọn aládùúgbò wa tí a kórìíra tọkàntọkàn, wá nà wá nílé wa, lójú àwọn ìyá wa. Ajubọ́ọ̀lù wọn, ọmọ tín-ín-rín kan báyìí, ń gba ẹ̀gbẹ́ sá mọ́ wa lọ́wọ́ ṣáá. Àwọn ọmọ méjì kan máa ń wà ní ìkángun ìlà wa, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n sáré yí po, kí wọ́n gbá ajubọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n sì gbé e ṣánlẹ̀ kó tó ju ohunkóhun. Nínú gbogbo àwọn ọmọ ìkángun wa, Odell Pruitt nìkan ló rí i mú. Odell ò sanra, kò sì ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbéra, ojú rẹ ni yóò máa wá a kiri.

Lẹ́yìn eré náà, àwọn oníròyìn bi Koosi pé kí ló ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ya fọ́tò fún ìpolówó ọkọ̀ akẹ́rù, kò kọ́ ọmọ kankan ní nǹkan kan. Òun ní àwọn ọmọ ìkángun òun ló kéré jù.

"Stubblefield ń lọ wá òmìrán," ló wí, "àwọn tó tóbi, tó tún lágbára. Ẹ má wulẹ̀ jókòó síwájú lọ́dún tó ń bọ̀, torí ilẹ̀ yóò mì."

Ó sì lọ lóòótọ́. Àṣà ibí ni pé koosi á lọ sílé ọmọ tó bá fẹ́, á jókòó ní pálọ̀ ìyá rẹ̀, á jẹ páì rẹ̀, á sì yìn ín bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò ṣe páì rí. Àwọn koosi yòókù máa ń béèrè nípa ẹ̀kọ́ ọmọ. Tiwa yàtọ̀. Férémù ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí ọmọ bá wọlé láìtẹrí ba, Koosi ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn, tòun ti páì lẹ́nu. Yóò wo ẹsẹ̀ bàbá, yóò wo èjìká ìyá, yóò wo ọwọ́ àbúrò tó ṣì wà ní ìkókó. Igbákejì rẹ̀ tó bá a lọ sí Mississippi, sílé ìyá àgbà ọmọ kan tó ń jẹ́ Ransom Oakes, ló sọ èyí fún wa.

Koosi ní, "Màmá, bàbá ọmọ yìí ńkọ́?"

"Bàbá ẹ̀ ti kú, ọmọ mi. Ọkàn ló pa á."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ó jẹ páì lẹ́nu kan. "Ṣé ó ga?"

Màmá ní ó ga. Koosi bi í bóyá àkànṣe pósí ni wọ́n kàn fún un. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó wà nílẹ̀ ò gbà á. Omi lé ròrò sójú Koosi. Màmá rò pé ó ń bá òun kẹ́dùn ni, ó tún gé páì fún un.

Abánikẹ́dùn-tòun-ti-òṣùwọ̀n! Bó ṣe rí Ransom gbà nìyẹn. Ó tún rí Tucker Vandiver ní Texas, ọmọ tó jẹ́ pé bó bá dìde lórí àga, àga á mí kanlẹ̀. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn méjèèjì ṣì lè sáré. Koosi ní wọn ò tíì tóbi tó. Ó pàṣẹ fún ilé ìdáná pé kí wọ́n máa fún wọn ní bisikíìtì pẹ̀lú ọbẹ̀ sọ́séèjì láàárọ̀, páńkéèkì kí ọ̀sán tó pọ́n, kí wọ́n sì fi ẹran màlúù tì í lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ń sanra, Koosi ń rẹ́rìn-ín. Ó ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ fún ìdíje àwọn àgbẹ̀.

Nígbà náà ló ránṣẹ́ pe Odell. Ọdún kan péré ló kù fún ọmọ náà ní yunifásítì. Bọ́ọ̀lù ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, bí kò bá sì sí lórí pápá lọ́dún tó kẹ́yìn yìí, àwọn tó ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ ńláńlá ò ní rí i, gbogbo làálàá tó ti ṣe láti kékeré á sì wọmi. Koosi ò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́, Odell. Àmọ́ o kéré. Lọ wá ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ kékeré."

Odell ní, "Koosi, èmi ni mo mú ajubọ́ọ̀lù Calloway."

"O mú un lóòótọ́, kò kàn dùn-ún wò ni. Bí òmìrán bá mú èèyàn, aráyé á béèrè pé ta ló lọ mú òmìrán wá."

Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ èyí, ó sì ṣì ń bí mi. Láti ìgbà tí bàbá mi ti ń gbé mi lé itan ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù Tolliver, mo sì mọ ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Màmá Verbena Hatchett, tó ni gbogbo oko adìẹ àgbègbè wa, tó sì jẹ́ pé láti inú àpò rẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ti ń jẹun, bá Koosi sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní adìẹ tó bá sanra jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní í kọ́kọ́ kán. Koosi ní adìẹ ò mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù.

Oṣù kẹrin dé, eré ìgbà ìrúwé sì dé. Ara wa là ń bá ṣe eré yìí: wọ́n á pín ẹgbẹ́ sí méjì, gbogbo ìlú á jókòó wò wọ́n. Lẹ́yìn eré, gbogbo wọn á jọ jẹun ní gbọ̀ngàn lójú aráyé. Àwọn tó borí á jẹ ẹran màlúù yíyan, àwọn tó fìdí rẹmi á jẹ ẹ̀wà inú agolo. Koosi kó àwọn àyànfẹ́ rẹ̀ sí apá funfun, pẹ̀lú Ransom àti Tucker ní ìkángun. Ó da èyí tó ṣẹ́kù sí apá pupa, Odell, tí kò tíì ríbi lọ, sì wà láàárín wọn. Ó wá gba makirofóònù. Ó ní bí apá pupa bá fi lè borí, òun Stubblefield á jókòó sáàárín àwọn tó pàdánù, òun á sì jẹ ẹ̀wà tòun tomi ẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ẹ mọ ohun tó ń mú bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ajubọ́ọ̀lù apá pupa kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ransom ti gbéra, kò sì mọ bí yóò ṣe dúró mọ́. Ó kọjá lọ bí ọkọ̀ akẹ́rù tí búréèkì rẹ̀ já, ó di ọ̀dọ̀ àwọn onífèrè ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́bàá pápá. Ajubọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Kò tilẹ̀ sáré, ó rìn ni.

Tucker ní tirẹ̀ ò kúrò lójú kan. Nígbà tí Koosi bi í pé kí ló dé, ó fi sùúrù dá a lóhùn.

"Koosi, kí n tó yí ara mi tán, ọmọ yẹn ti délé ìyá ẹ̀."

Lódì kejì, Odell ò jẹ́ kí Grady Kimbrough mí. Grady ni ajubọ́ọ̀lù wa gan-an, apá funfun ló sì wà. Odell gbé e ṣánlẹ̀, ó fà á dìde, ó gbọn koríko kúrò lára rẹ̀, ó tún padà wá gbé e ṣánlẹ̀. Nígbà tó yá, Grady ń ju bọ́ọ̀lù nù kí Odell tó gbéra rárá.

Eré kù díẹ̀ kó parí nígbà tí ara Koosi ò gbà á mọ́. Ó kọjá ìlà wọ inú pápá, ó ń pariwo mọ́ Ransom pé kó sáré, kó má dúró fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ gidi ni Ransom, ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Kò dúró fún ẹnikẹ́ni, Koosi pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n rí ọmọ náà gbé kúrò lórí rẹ̀, bàtà Koosi kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì ti wà lọ́wọ́ obìnrin onífèrè kan. Ransom ń bẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ sunkún. Àwa ará Culpepper Springs, tí a jẹ́ ọmọ ìjọ tó mọ ojú Olúwa, rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá.

Apá pupa borí. Ní gbọ̀ngàn, àwo ẹ̀wà wà níwájú Koosi, òmìrán kan lọ́tùn-ún, òmìrán kan lósì, agbára káká la fi ń rí i láàárín wọn. Ẹlòmíì ì bá dákẹ́. Koosi dìde, ó fi ṣíbí lu ife. Ó ní òun fẹ́ ká mọ̀ pé ètò ni gbogbo ohun tí a rí. Ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn òmìrán dán Odell wò ni.

"Ta ló rí ọmọ yìí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rí i? Stubblefield ni. Odell, ọmọ mi, dìde dúró. Ìkángun ọ̀tún di tìẹ láti òní lọ."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ọmọ náà. Odell nu ẹnu, ó dìde, ó sì rọra sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ ẹ ní kí n lọ wá ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ kékeré. Láàárọ̀ yìí ni mo fi tó ọ́fíìsì létí pé mò ń lọ. Mi ò tíì wẹ̀ tán lẹ́yìn eré tí àwọn kan fi pè mí, wọ́n ní àwọn wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ti fún wọn lọ́rọ̀ mi."

Koosi ní, "Àwọn wo?"

"Calloway, sà."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Calloway la máa kọ́kọ́ bá pàdé ní oṣù kẹsàn-án. Grady Kimbrough gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó wo Odell, ó wo Ransom, ó wo Tucker, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Koosi yíjú sí Màmá Verbena, torí òun ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ Koosi ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí kò sí. Màmá ń gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́, kò gbójú sókè.

"Jókòó, Doyle," ló wí. "Jẹ ẹ̀wà ẹ tán. Bóyá wàá ṣì dàgbà."