Ọ̀kadà Ephraim Ń Fa Afẹ́fẹ́

Lábẹ́ tápólì kan ní ibùdókọ̀ Coconut, níbi tí tírélà ti ń pariwo gba ojú títì, Ọláṣùpọ̀ mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti ọ̀kadà Ephraim, ẹni tó ń gbé ìwé ẹrù kiri Warehouse Road. Kò sí ohun tí Ọláṣùpọ̀ kò tíì ṣe sí ọ̀kadà náà, àìsàn kan náà ló ń gbé padà wá: ẹ́ńjìnì ń ké fíìì.

"Ọ̀gá Ọláṣùpọ̀, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo ti yọwọ́ kúrò lára ẹ̀ o, kò dákẹ́."

"Mo ti sọ fún ẹ, púlọ́ọ̀gì ni."

"Ẹ ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì."

"Epo ni nígbà yẹn."

"Ẹ ti da epo yẹn nù."

"Ìwọ náà sanra díẹ̀."

"Ọ̀gá! Mi ò sí lórí ẹ̀ báyìí!"

Ọláṣùpọ̀ họrí.

"Ó dáa. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó ń fa afẹ́fẹ́."

"Ṣebí ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́? Ẹ jẹ́ kó máa fà á. Epo ló wọ́n."

"Ẹnu ló yẹ kó fi máa fà á! Ibòmíì ló ń gbà wọlé, bí ẹni ń fi etí mu ògì."

"Abeg, ẹ bá mi wá etí ọ̀hún. Mo fẹ́ lọ gbé Ṣìkẹ́mi níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Ó ti bá mi tì í rí tòun ti bàtà gíga. Ó ní bóun bá tún tì í, kí n kúkú lọ fẹ́ ọ̀kadà mi."

Ọláṣùpọ̀ ki orí bọ abẹ́ táǹkì. Tírélà méjì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ephraim! Ó dá mi lójú báyìí! Ẹ́ńjìnì ẹ ń jò!"

"Ó ń jó?"

"Ó ń jò gan-an!"

"Jésù!"

Ephraim gbé bàsíà ìfọwọ́, ó da omi ọṣẹ sórí ẹ́ńjìnì, sórí Ọláṣùpọ̀, sórí fìlà Ọláṣùpọ̀.

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ń jó!"

"Jò! Jò, bí òrùlé! Mi ò sọ pé jó, bí iná!"

Ohùn ẹ́ńjìnì wálẹ̀ lójijì. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ìfófòó ọṣẹ ń wọ ẹ̀yìn rọ́bà kan lọ, ṣìì. Bí omi ṣe gbẹ báyìí, fíìì padà dé. Ọláṣùpọ̀ fi ìka olómi kan ibẹ̀, ohùn tún wálẹ̀.

"Ibẹ̀ nìyẹn! Rọ́bà àárín kabúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì ló ti sán. Ṣé o rí bí mo ṣe wá a rí?"

"Ẹ̀yin lẹ wá a rí?"

"Ta ló ni omi?"

Ó fi rọ́bà tuntun sí i, ó dè é pinpin. Ẹ́ńjìnì dákẹ́ bí ọmọ tó yó. Ephraim gùn ún, ó fi ayọ̀ lọ.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí fóònù Ọláṣùpọ̀ dún.

"Ọ̀gá, ó ti kú o! Mo dúró kí tírélà kan kọjá, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti bá mi tì í dé Boundary."

"Gbé ọwọ́ lé e. Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń gbọ̀n."

"Òkú wo ló ń gbọ̀n? Ephraim, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́! Ara ẹ̀ ló yá tí kò fi pariwo mọ́! Gùn ún, kó o máa lọ!"

Ephraim rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ṣìkẹ́mi ló ń tì í lẹ́yìn."