Ewúrẹ́ Tísà àti Ìbò Alága

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹni tí yóò wọlé ìbò, kó kọ́kọ́ so ewúrẹ́ rẹ̀"? Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ti Ìyá Mofẹ́, aránṣọ ìlú Ìdó-Àfọ̀n. Títí dòní ló ṣì ń bi ara rẹ̀ pé, kí ló mú òun gbọ́kàn lé ẹni tí òjò kì í yé ká aṣọ rẹ̀ mọ́ orí okùn?

Ìbò alága ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bọ̀. Dòsùmú ti búra pé bí òun bá wọlé, òun yóò wó gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì. Àlàbá tó ń bá a du ipò sọ pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bá títì yìí kan náà ni Ìyá Mofẹ́ ti ń ránṣọ, ibẹ̀ ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Àyà rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Tísà Akínyọsóyè, tó máa ń tú òṣèlú palẹ̀ lórí rédíò, ni gbogbo ìlú ń tẹ́tí sí. Láràárọ̀, yóò rìn yí ìlú ká, yóò máa wo pósítà ara ògiri. Lójú Tísà, ẹni tí pósítà tirẹ̀ bá pọ̀ jù, òun ni aráàlú fẹ́. Ìbò ku ọ̀la, ó kéde pé ti Dòsùmú ṣì wà digbí, ti Àlàbá ti tán.

"Aráàlú ti fọwọ́ ara wọn ya Àlàbá dànù," ni Tísà wí. "Ẹni tó bá lẹ́rù létí títì, kó yáa kó o."

Ìyá Mofẹ́ pọn ọmọ, ó gun àga, ó ń tú páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí katakata tó bà á jẹ́. Bàbá Gàníyù, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bi í pé kí ló ń wá lórí ilé.

"Ẹ má dá mi dúró, Bàbá. Tísà ti sọ̀rọ̀."

Bàbá kò bèèrè ẹ̀ẹ̀kejì, ó wá òòlù tirẹ̀ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì ti di apárí, páànù kankan kò sí lórí wọn mọ́. Ni òjò bá dé. Ìyá Mofẹ́ fi ọpọ́n bo ọmọ, ó fi ara rẹ̀ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá Gàníyù gbé táyà kọ́rùn, ó ń gbọ̀n bí ewé.

Wọ́n dìbò lọ́jọ́ kejì, Àlàbá wọlé tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ìyá Mofẹ́ jókòó sínú ẹrẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ẹ̀rín ń pa á. Bàbá Gàníyù ń kan páànù padà, ó ń pe Tísà ní orúkọ tí kò ṣeé pè níwájú ọmọdé. Lórí rédíò, Tísà ní òun kò ṣì í, ìlú ló yí ọkàn padà.

Mofẹ́ ti dàgbà, ó ti ń lọ sílé ìwé, kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́ òkodoro lẹ́nu ìyàwó Tísà, tó gbé aṣọ wá rán. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ pósítà Dòsùmú. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n fi lẹ ti Àlàbá.

"Ewúrẹ́ wa kò jẹun nílé títí ìbò fi parí," ni obìnrin náà wí. "Kí ọkọ mi tó wọ bàtà, ewúrẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ jẹ Àlàbá tán lára ògiri."

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹni tí yóò wọlé ìbò, kó kọ́kọ́ so ewúrẹ́ rẹ̀.