Àṣẹ Ọba Lórí Ọṣẹ Ìyá Àwẹ̀ró

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìdẹ̀ra, lọ́mọdé, lágbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè tì. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó sọ ọ́ sápò. Ọba ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ kú ìkàlẹ̀. Wọ́n tún ní ẹ kú òórùn!

Bẹ́ẹ̀ ni, òórùn! Mo tún un wí: òórùn! Láti ìgbà tí ẹ ti pa ọṣẹ Ìyá Àwẹ̀ró tì, ẹnikẹ́ni ò ṣeé gbá mọ́ra mọ́ nílùú yìí. Níbi ìpàdé àwọn ìjòyè tó kọjá, ìrùkẹ̀rẹ̀ ni Kábíyèsí fi bo imú. Olorì ṣí fèrèsé. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, wọ́n bá ẹnu ọ̀nà náà jáde.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Ìyá Àwẹ̀ró ti Ìsàlẹ̀ Odò ló ń se ọṣẹ dúdú fún gbogbo wa. Àwọn nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n sè. Màmá lọ bẹ Akínṣọlá ọmọ ilé Olóólà, gbajúmọ̀ orí fóònù tí ẹ ń pè ní Dídán-bí-Dígí, pé kó bá àwọn polówó ọjà. Ọmọ náà fi ọṣẹ kun orí, ó fi kun ojú, ó gbé fóònù sókè, ó ń yin ọṣẹ. Àfi bí omi ṣe tán! Ló bá sáré dé ìdí ẹ̀rọ omi. Kò tò. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ta garawa Bàbá Adégùn, àgbà tó wà lórí ìlà, nù. Bàbá ní kí ló dé? Ó gbá fìlà bàbá jù sínú ẹrọ̀fọ̀! Ìhó ọṣẹ ṣì wà lórí rẹ̀, fóònù sì ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó ti fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Kí lẹ̀yin wá ṣe? Ẹ ò bá ọmọ wí. Ọṣẹ lẹ bá wí! Ẹ ní ọṣẹ yẹn ló fọ ìtìjú kúrò lójú rẹ̀. Ìyá kan ní Òkè-Ọjà ní ọmọ òun ń dá òun lóhùn, àṣé ó ti fi í wẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá kan da tirẹ̀ sí gọ́tà. Ó wá dun Ìyá Àwẹ̀ró wọra. Màmá ti da omi pa iná ìdí ìkòkò. Wọ́n ti di ẹrù. Wọ́n ní àwọn ń lọ bá ọmọ àwọn ní Oǹdó.

Ọ̀rọ̀ dé ààfin. Olóyè Ọ̀tún dìde, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Kábíyèsí ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ti rí ọṣẹ tó di ewé rí? Olóyè jókòó. Ìdájọ́ sì jáde: ọṣẹ kò jẹ̀bi! Mo tún un wí: ọṣẹ kò jẹ̀bi! Kẹ́nikẹ́ni má pe ọṣẹ ní jàǹdùkú mọ́.

Àwọn àṣẹ nìyí o.

Àṣẹ kìíní. Ẹni tó bá bú ọṣẹ ní gbangba yóò bẹ ọṣẹ ní gbangba. Ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀. Obìnrin yóò kúnlẹ̀. Bí ọṣẹ kò bá tíì dáhùn, kí wọ́n ṣì wà nílẹ̀.

Àṣẹ kejì. Oníṣòwò tó bá fẹ́ fa ọjà rẹ̀ lé gbajúmọ̀ orí fóònù lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí bí ẹni ń fọmọ fọ́kọ. Kó yan alárinà. Kó dé ilé wọn. Kó bi aládùúgbò bí ọmọ náà ṣe ń kí àgbà láàárọ̀. Kó bi ìyá rẹ̀ ta ló ń fọ abọ́. Iye èèyàn tó ń tẹ̀lé e lórí fóònù kì í ṣe ìwà! Ewúrẹ́ tó jí ẹ̀kọ gbé pàápàá, èèyàn a máa tẹ̀lé e.

Àṣẹ kẹta. Gbajúmọ̀ tó bá hùwàkiwà nígbà tí ọjà ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, a ó gba fóònù rẹ̀. Inú ìkòkò ààfin ni yóò máa gbé títí di ọdún iṣu. Ibẹ̀ ni yóò ti máa dún. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, Kábíyèsí fúnra wọn ni yóò gbé e, wọ́n á sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Àṣẹ kẹrin, èyí tó le jù. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, a ó wẹ Akínṣọlá ní ìdí ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo ìlú! Ṣòkòtò á wà nídìí rẹ̀. Ìlú ọmọlúàbí ni wá. Ọṣẹ Ìyá Àwẹ̀ró la ó fi wẹ̀ ẹ́. Bàbá Adégùn ni yóò di kànrìnkàn mú. Fóònù kankan kò gbọdọ̀ ká a sílẹ̀. Ẹni tó bá ká a sílẹ̀, òun ló kàn láti wẹ̀!

Bí ara rẹ̀ bá mọ́, ẹ yin ọṣẹ. Bí ìwà rẹ̀ kò bá mọ́, ẹ má kà á sí ọṣẹ lọ́rùn. Ara nìkan la ní kó fọ̀. Ìyá Àwẹ̀ró ti gbà láti dúró dọjọ́ náà. Wọ́n ní bí ọmọ náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ Bàbá Adégùn, tí kò wá ojú fóònù kiri, àwọn á tú ẹrù àwọn. Bí kò bá bẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ní mọ́ bá àwọn níbí. Ẹ̀rù ń ba ààfin. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, nítorí àárín òórùn yín ni mo ti ń kéde!

Ọba ló rán mi, mo ti jíṣẹ́. Etí tó gbọ́, kó ran etí tí kò gbọ́ lọ́wọ́. Bàbá Adégùn, ẹ kín in dáadáa o! Ẹ kín in dé ẹ̀yìn etí! Ti ẹ̀yìn etí yẹn, ọba kọ́ ló sọ ọ́. Èmi ni mo fi kún un.