Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Wa Tanná Tí Kò Ríran

Sátidé kan wà tí mo lè gbàgbé orúkọ ara mi kí n tó gbàgbé rẹ̀. Bí mo bá ń jẹun lọ́wọ́ tó sì sọ sí mi lọ́kàn, àfi kí n dá òkèlè padà sínú abọ́ ná, kí n rẹ́rìn-ín, kí n mi orí, kí n tó máa bá oúnjẹ lọ. Orúkọ tí mo wí yẹn náà kò kúkú ṣòro láti rántí. Kẹ́hìndé ni mò ń jẹ́, Ìgbó-Ọrà ni wọ́n sì bí mi sí. Ẹ ò lè fi ìyẹn dá mi mọ̀. Ẹ dúró sí ẹnu ọjà wa kí ẹ ké "Kẹ́hìndé!", ẹ ó rí iye orí tó máa yí padà wò yín.

Níbòmíràn, bí wọ́n bá bí ìbejì, ìròyìn ni. Lọ́dọ̀ tiwa, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá fún Táyé ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún Kẹ́hìndé, ì báà ṣe bàtà, ì báà ṣe búrẹ́dì, ì báà ṣe ẹgba. Àwọn ará àdúgbò wa kì í tilẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti bi àwa méjèèjì ní ìbéèrè. Bí wọ́n bá bi Táyé bóyá ó ti yó, tí Táyé ní òun ti yó, wọ́n á gbé abọ́ kúrò níwájú èmi náà. "Ọkàn kan náà ni wọ́n ní," wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. A gbọ́ ọ títí a fi dàgbà, a sì gbà á gbọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èmi àti Táyé, àbúrò mi ọkùnrin tí a jọ wáyé, parí ilé ìwé ní Èrúwà, a pinnu pé a kò ní wá iṣẹ́ ìjọba kiri. A fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù níbi tí a ó ti máa ya pósítà, kàlẹ́ńdà àti ìwé ìsọmọlórúkọ lórí kọ̀ǹpútà. Màámi ní yàrá kan níwájú ilé, èyí tó kọjú sí títì tó lọ sí Ìdèrè. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó aṣọ títà sí kí wọ́n tó gba ìsọ̀ lọ́jà. Yàrá yẹn la fojú sí. Àmọ́ Bàbá Sàdíátù, tó ń ta táyà ọ̀kadà, fojú sí i pẹ̀lú, wọ́n sì ti bá Màámi sọ̀rọ̀ owó ilé.

Màámi pe gbogbo wa, wọ́n sì dájọ́. "Bàbá Sàdíátù mú owó dání wá. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ mú dání. Ó dáa. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi iṣẹ́ yín hàn mí kí n fojú rí i. Bí mo bá rí i, yàrá di tiyín. Bí n ò bá rí i, táyà á wọlé."

Táyé ní kì í ṣe kọ̀ǹpútà lásán la máa gbé síbẹ̀. Ó ti ń wo fídíò lórí fóònù. Ó ní àwọn kan wà tí ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ gíláàsì, tí iná kún inú wọn, tí gbogbo iná ọ̀hún sì ń pa àwọ̀ dà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá di pupa, gbogbo wọn á di pupa. Ó ní bí a bá gbé irú rẹ̀ sí ojú fèrèsé, kò sí ẹni tó ń lọ sí Ìdèrè tí kò ní dúró wò ó. Èmi náà gbà. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti tò pọ̀ tẹ́lẹ̀ wọ́n, nítorí náà a ní a ó ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì tò ó fúnra wa. Kí Táyé ra ìdajì, kí èmi náà ra ìdajì.

Mo bi í pé, "Ṣé kò yẹ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí kálukú máa rà?"

Táyé wò mí bí ẹni pé mo bú orí àwa méjèèjì. "Èmi àti ìwọ, Kẹ́hìndé? Ká tún wá máa sọ ọ́?"

Ojú tì mí. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ń ṣiyèméjì! Bí Táyé ṣe wọ mọ́tò Ìbàdàn nìyẹn, tí èmi sì ń fi fóònù ra tèmi, tí wọ́n ń bá mi kó o wá sí gáréèjì Èrúwà.

Nígbà tí a kó gbogbo ẹrù sílẹ̀ ní yàrá iwájú, ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé àwa méjèèjì la ra páwà, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kan kì í lo méjì. Ó yẹ kí á fura. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe la dì mọ́ra. "O ò rí i bí?" ni Táyé wí. "Ọkàn kan náà!"

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Bọ́ọ̀dù tí Táyé rà, èyí tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé, tóbi ju kéèsì, àpótí gíláàsì tí mo rà láti kó gbogbo wọn sí, lọ. A gbé e síhìn-ín, a gbé e sọ́hùn-ún, bí ẹni tó fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì gba ojú fèrèsé wọlé. Táyé ní ká wá ayùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé káfíńtà àdúgbò wa ti lọ sí oko. A pààrọ̀ kéèsì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a wá rí i pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí mo rà kò lè jókòó sórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ láéláé. Ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n, ẹsẹ̀ ti ọ̀kan kò sì wọ bàtà ti èkejì. Ráàmù, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà, tí mo rà náà, ayé àtijọ́ ni bọ́ọ̀dù kà á sí. Àfi kí a jọ gbéra lọ sí Ìbàdàn lọ bá ọkùnrin tó ta bọ́ọ̀dù fún Táyé, bóyá á bá wa pààrọ̀ wọn.

Ọkùnrin náà tú ẹrù wa wò. Ó gbé bọ́ọ̀dù sókè. "Ta ló yan èyí?"

"Èmi ni, sà," ni Táyé dáhùn.

Ó gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà sókè. "Èyí ńkọ́?"

"Èmi ni, sà," ni èmi náà dáhùn.

Ó wo Táyé, ó wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń bá ara yín jà ni?"

Táyé fi ìgbéraga dáhùn pé, "Ìbejì ni wá, sà. Ìgbó-Ọrà la ti wá." Ọkùnrin náà mi orí. Ó fún wa ní ọpọlọ àti ráàmù tó bá bọ́ọ̀dù mu, ó sì bá wa dì í pẹ̀lú àánú lójú.

Ìgbà tó wá kan iná gan-an ni a tó mọ̀ pé eré la ti ń ṣe bọ̀. Fáànù tí Táyé rà láti máa fẹ́ atẹ́gùn sínú kọ̀ǹpútà ń tan pupa, fáànù tèmi ń tan àwọ̀ ewé. Bí a bá làkàkà kí tirẹ̀ di búlúù, á di búlúù, tèmi á sì yí sí yẹ́lò bí ẹni ń ṣe àgídí. Olúkúlùkù ló ní ọ̀gá tirẹ̀. Okùn iná gígùn kan tún wà tí mo rà láti fi yí gíláàsì ká. Ihò mẹ́rin ló wà ní ẹnu rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló sì wà níbi tí mo fẹ́ kì í bọ̀ lára bọ́ọ̀dù. Èèyàn tó gbọ́n á béèrè ìdí. Èmi tì í wọlé.

Ó dún "tò!", èéfín rú, okùn iná mi sì lọ sọ́run. Òórùn ike tó jóná gba ẹ̀yìnkùlé.

Màámi pariwo láti ìdí ààrò. "Kí ló ń jóná níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹran ni, mà!" ni mo wí.

"Kò sí nǹkan kan, mà!" ni Táyé wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n ní, "Ẹran wo?"

Bí orí ṣe máa ṣe é, Táyé rí àpótí kékeré kan rà tó lè so gbogbo fáànù pọ̀ sábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, ó sì ní rìmóòtù. Ọjọ́ tí a tẹ rìmóòtù náà, tí gbogbo iná jọ di pupa, tí wọ́n jọ di búlúù, mo fò sókè. Ó dùn mọ́ mi dé ọkàn. Iṣẹ́ wa kò ju kí a máa tẹ rìmóòtù lọ mọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà tí a ó máa wo iṣẹ́ nínú rẹ̀ kò tíì sí nílé, ọ̀rẹ́ Táyé kan ní Èrúwà ló fẹ́ yá wa, àárọ̀ Sátidé ló sì máa gbé e wá. A ò fi ṣe ìyọnu. Kọ̀ǹpútà tó ń tàn báyìí, kí ló kù?

Sátidé pé. Màámi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn aládùúgbò kún ẹnu ọ̀nà. Bàbá Sàdíátù náà dé, wọ́n mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan lọ́wọ́, wọ́n sì ti ń fọgbọ́n wọn ara ògiri níbi tí táyà máa wà. Ọ̀rẹ́ Táyé gbé ojú kọ̀ǹpútà dé, a fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, a tan jẹnẹrétọ̀, Táyé sì tẹ bọ́tìnì.

Ẹ wo iná! Ó pupa, ó di búlúù, ó di èsè àlùkò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọdé pariwo. Bàbá Sàdíátù ní, "Áà! Alláà tóbi!" wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù wọn. Mo rí i pé Màámi fi eteetí gèlè nu ojú. Mo ní lọ́kàn mi pé yàrá ti di tiwa.

Màámi fa àga, wọ́n jókòó. "Ó dáa gan-an. Ó yá, ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀ kí n rí i."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo mi wáyà. Ó dúdú síbẹ̀. Mo gbá a pẹ́pẹ́ lẹ́yìn bí ẹni ń gbá ọmọ tó fẹ́ gùnfẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

"Ó ń gbóná lọ́wọ́ ni, Màámi," ni mo wí.

"Ó ń tutù lọ́wọ́ ni, mà," ni Táyé wí.

Màámi wo èmi, wọ́n wo Táyé. Táyé tẹ rìmóòtù, bóyá ìyẹn á ràn wá lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà di yẹ́lò. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo yọjú wo inú gíláàsì. Àyè gígùn kan wà lórí bọ́ọ̀dù tó ṣófo gbáà. Irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí a gbà ní Ìbàdàn kì í gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Ó ní káàdì kan tó yẹ kó wà ní àyè yẹn láti bá a ṣe é. Mo rọra sọ fún Táyé pé, "Káàdì àwòrán dà?"

"Káàdì wo? Ṣebí ìwọ lo máa rà á!"

"Èmi? Mo rò pé o ti rà á!"

Mo rò pé a rọra sọ ọ́ ni. Gbogbo ilé ló gbọ́. Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ ní Tápà, ìlú kan lágbègbè wa.

Màámi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọwọ́, bí ẹ bá jọ ń ké, ebi ló máa ń pa ọ̀kan, oorun ló máa ń kun èkejì. Bí mo bá fún ẹni tí oorun ń kùn lọ́mú, á pọ̀ ọ́ sí mi láyà. Èmi tí mo bí yín, mo máa ń wo kálukú yín lójú kí n tó mọ ohun tó fẹ́. Ta ló sọ fún yín pé ẹ ò ní láti bi ara yín?"

Bàbá Sàdíátù rọra tú téèpù wọn padà. "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọmọ. Ìyá Ìbejì, ṣé kí n kó táyà dé ní Mọ́ńdè?"

"Ẹ kó o dé," ni Màámi wí. Wọn kì í yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún, kì í sì í ṣe díẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ Táyé ṣe mí láàánú. Kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà. Mo ní kí n fi nǹkan mú inú rẹ̀ dùn. Mo yọ́ jáde láàárọ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, mo ra káàdì àwòrán náà, mo fi ìborùn bò ó. Nígbà tí mo padà dé, táyà ti kún yàrá iwájú dé àjà. Táyé dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sẹ́yìn.

"Mo ní nǹkan fún ẹ," ni ó wí.

Mo ti mọ̀ kó tó mú un jáde. Páálí kan náà, àwọ̀ kan náà, Èrúwà ló ti rà á. A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sórí táyà Bàbá Sàdíátù, omi ń bọ́ lójú wa. Màámi yọjú, wọ́n rí káàdì méjì. Wọ́n padà sí ìdí ààrò, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ibẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lẹ́yìn táyà. Kọ̀ǹpútà wa ríran dáadáa, àwọn ọlọ́kadà tó wá ra táyà ló sì ń ya pósítà jù. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Àwa béèrè lọ́wọ́ fídíò, a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, ẹni tó sún mọ́ wa jù lọ láyé ni a ò bi ní nǹkan kan. Nísinsìnyí, bí mo bá fẹ́ ra ìrẹsì lásán, mo máa ń bi Táyé kí n tó jáde nílé.

Káàdì kejì ọ̀hún ṣì wà nínú páálí. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé Táyé ń bá wa wá ẹni tó máa rà á. Àná ni mo wá gbọ́ pé òun náà rò pé èmi ni mò ń wá a.