Ìkéde Lórí Kùkùté Bàbá Ọdẹ́wálé àti Ilé Ìwẹ̀ Kábíyèsí

Kóń-kò-kóń! Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ọ̀pẹ̀mẹ́ta, lọ́mọdé lágbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń sùn, kó jí. Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè ẹnu rẹ̀ mì. Ẹni tó mú àáké lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ ná! Ẹni tó mú àáké yẹn gan-an ni Kábíyèsí ń bá wí!

Kábíyèsí Ọlọ́pẹ̀mẹ́ta ní kí akéde kí yín. Ó ní ara òun ti le. Ó ní ọṣẹ tó wọ òun lójú ti jáde. Ẹ má tíì bèèrè ọṣẹ wo. Ẹ óò gbọ́ ọ.

Àṣẹ tuntun ti dé o! Láti òní lọ, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gé igi ńlá láàárín ìlú yìí, àfi agégi tó kọ́ṣẹ́! Agégi tó kọ́ṣẹ́ yanjú, tó gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá! Tó ní okùn! Tó ní ayùn! Tó dé akoto líle sórí! Akoto ni o. Kì í ṣe fìlà. Kì í ṣe abetí-ajá. Bàbá tó ń rẹ́rìn-ín níwájú yẹn, ìkòkò ìyàwó yín náà kì í ṣe akoto.

Ẹ̀yin yóò ní kí ló fa sábàbí. Ọba kì í dédé ṣòfin. Ẹ fìdí kalẹ̀ kí akéde rò ó fún yín. Kábíyèsí ní kó má fi nǹkan kan pamọ́, àfi ohun tí òfin kẹta bá fi pamọ́.

Ọmọkùnrin kan wà ní ìlú yìí tó ń jẹ́ Gbọ́lágadé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Aránṣọ ni. Òun ló rán agbádá tí Kábíyèsí wọ̀ níjọ́sí, tí apá ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Ọmọ dáadáa ni. Kò sí àbùkù kan lára rẹ̀ ju pé ìfẹ́ Fadékẹ́mi, ọmọ Bàbá Ọdẹ́wálé, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Wọ́n ti tọrọ ọmọ náà. Wọ́n ti fún wọn lóhùn. Ó ku ọ̀wẹ̀ àna nìkan.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀wẹ̀ àna. Ọkọ ìyàwó á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á lọ kọ ebè fún bàbá ìyàwó, wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á padà sílé. Ó tán! Ṣùgbọ́n Bàbá Ọdẹ́wálé ní oko jìnnà. Ó ní ta ni yóò rí wọn lóko? Ọ̀bọ? Àwọn àna aládùúgbò rẹ̀ ti wá kan òrùlé fún ìyẹn lójú gbogbo ayé, ìlú sì pàtẹ́wọ́. Bàbá fẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí igi dongóyárò ńlá tó wà níwájú ilé rẹ̀, èyí tí orí rẹ̀ ti na dé àgbàlá ààfin. Ó ní èyí gan-an ni Gbọ́lágadé yóò gé.

Ọ̀pẹ̀mẹ́ta, ẹ dákun, kí ni iṣẹ́ Fadékẹ́mi? Agégi ni! Agégi pọ́ńbélé! Ọ̀dọ̀ Sàlámì Agégi ló ti kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin náà ti rí i tó ń gbé ayùn ẹ̀rọ léjìká kiri abúlé. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó sọ fún un tagbáratagbára. Ó wá sọ ọ́ lójú àlejò. Ó ní igi náà ti tẹ̀ síhà ààfin. Ó ní láti orí la ti í mú irú rẹ̀, ẹ̀ka kan lẹ́yìn èkejì, kí a máa fi okùn rọra gbé wọn wá sílẹ̀, kí ó tó kan ìdí. Bàbá ní kó panu mọ́. Ó ní ta ló gbọ́ ọ rí pé ọmọ ẹni ń ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún ẹni?

Gbọ́lágadé pàápàá mọ̀ pé òun kò mọ igi gé. Aṣọ ló mọ̀ ọ́n gé. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni yóò fi sọ fún bàbá ìyàwó pé rárá? Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn: onígbàjámọ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, àti ayàwòrán. Wọ́n yá àáké kan. Wọ́n yá okùn kànga. Ayàwòrán gbé kámẹ́rà rẹ̀ dání.

Wọ́n so okùn mọ́ igi lọ́rùn kí wọ́n lè fà á síhà títì nígbà tó bá ń wó. Onígbàjámọ̀ gba àáké. Ó ń gé ìdí igi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fárí ọmọ tuntun. Bó bá gé e díẹ̀, á fẹnu fẹ́ ẹ nù. Gbogbo ìlú ti pé. Bàbá Ọdẹ́wálé jókòó lórí àga onírọ̀rí, ó ń wò yíká bóyá aládùúgbò rẹ̀ ti dé. Igi dún kẹ̀ẹ̀. Bàbá dìde. Ó na ọ̀pá. Ó pàṣẹ fún àna rẹ̀ pé kó fà á!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ ilé dára! Ẹ̀kọ́ ilé dára! Ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀! Ta ni ń wà lórí ìdúró gba àṣẹ lẹ́nu bàbá ìyàwó? Gbọ́lágadé gbọ́ ohùn àna rẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó ju okùn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ! Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí ọkọ ìyàwó nílẹ̀, àwọn náà ju okùn sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀! Onígbàjámọ̀ dọ̀bálẹ̀ tàáké-tàáké! Kò wá ku ẹni tó di igi mú ní gbogbo Ọ̀pẹ̀mẹ́ta. Igi wo ọ̀tún. Igi wo òsì. Igi rí i pé òun nìkan ló kù lórí ìdúró. Òun náà dọ̀bálẹ̀! Síhà ààfin!

Ó wó lu ilé ìwẹ̀ Kábíyèsí. Kábíyèsí wà nínú rẹ̀.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ewé ló bà á, igi kò kàn án. Páànù lọ. Ògiri lọ. Kábíyèsí dúró nínú ọṣẹ, kànrìnkàn lọ́wọ́, ó ń wo ìlú, ìlú ń wò ó. Ayàwòrán gbórí sókè láti orí ìdọ̀bálẹ̀. Akéde yóò dúró níbẹ̀ yẹn.

Ẹ wá gbọ́ òfin o!

Òfin kìn-ín-ní! Ẹni tí igi rẹ̀ bá ti ga ju ilé rẹ̀ lọ, kó pe agégi! Kó má pe àbúrò. Kó má pe ọ̀rẹ́. Kó má pe ẹni tó ní òun ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é rí. Ẹni yẹn ló burú jù! Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò dúró bí igi lójúde ọjà láti àárọ̀ títí ọjà yóò fi tú. Ewúrẹ́ yóò máa fi í yún ara. Àwọn ọmọdé yóò máa so jáńgílófà mọ́ ọn lápá. Kò sì gbọdọ̀ ráhùn, nítorí igi kì í ráhùn!

Òfin kejì! Ẹni tó bá di okùn igi mú kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀! Kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀! Bàbá rẹ̀ ìbáà kọjá. Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ìbáà kọjá. Kó fẹnu kí i, kó fọwọ́ di okùn mú! Ẹni tó bá rú u, yóò lọ dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo igi tó wà ní ìlú yìí níkọ̀ọ̀kan, yóò sì máa bèèrè àlàáfíà ẹ̀ka wọn àti ti ewé wọn.

Òfin kẹta! Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan! Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan! Ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ náà, ẹ kò rí i. Ẹni tó bá ní òun rí i, kó wá sí ààfin, kó wá júwe ohun tó rí níwájú àwọn olorì. Ìwọ ayàwòrán, kámẹ́rà rẹ wà lọ́dọ̀ Kábíyèsí. Ara rẹ̀ le. Má wá a.

Ṣé ẹ rò pé ó tán? Kò tán o! Igi lọ, kùkùté kù. Ìtìjú mú Bàbá Ọdẹ́wálé, ìtìjú náà sì di ìbínú. Ó ní ọ̀wẹ̀ tí kùkùté bá ṣẹ́kù níbẹ̀, ààbọ̀ ọ̀wẹ̀ ni. Ó búra lójú gbogbo ènìyàn pé Fadékẹ́mi kò ní wọlé ọkọ, àfi bí ọwọ́ Gbọ́lágadé bá hú kùkùté náà kúrò nílẹ̀!

Gbọ́lágadé kò janpata. Ó mú ọkọ́, ọkọ́ dá. Ó mú ṣọ́bìrì, ṣọ́bìrì tẹ̀. Ó so kùkùté mọ́ mọ́tò ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Mọ́tò fà, kùkùté dúró, ìdí mọ́tò tú kalẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Ó fi ẹ̀yìn ríro padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó rán ṣòkòtò kan fún akéde yín, ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà jẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí akéde lọ bá a jà, ó bá a níbi tó ti ń sunkún sórí aṣọ. Ó ní òun fẹ́ pàdánù Fadékẹ́mi nítorí ìdí igi. Akéde kò lè jà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun akéde dọ́kàn.

Òfin kẹrin wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Òfin kẹrin ní kùkùté pẹ̀lú, agégi nìkan! Kí ẹnikẹ́ni má fi iná sun ún! Kí ẹnikẹ́ni má fi mọ́tò fà á! Ẹni tó bá rú u, yóò máa gbé kùkùté náà kiri ọjà bí ẹni pọn ọmọ, yóò sì máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún!

Ẹ rò ó wò. Bàbá ní àfi ọwọ́ Gbọ́lágadé. Ọba ní àfi ọwọ́ agégi. Bàbá kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, nítorí ó ti búra. Ọba kò lè kó òfin rẹ̀ jẹ, nítorí atẹ́gùn ṣì ń fẹ́ sí i nílé ìwẹ̀. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Gbọ́lágadé wà láàárín, kò rí ibi yà sí.

Fadékẹ́mi dé akoto rẹ̀, ó gba ààfin lọ. Ó kúnlẹ̀. Olóyè Ọ̀tún ní kó ṣe sùúrù, kí Gbọ́lágadé lọ kọ́ṣẹ́ igi gígé fún ọdún bíi mélòó kan. Fadékẹ́mi ní òun kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ nílé. Ó wá bi Ọ̀tún léèrè pé, níjọ́ ọdún ìlú, ta ló fi iyán ṣe àwọn àlejò lálejò tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀tún gbá àyà, ó ní òun ni. Fadékẹ́mi ní ta ló gún iyán náà? Ọ̀tún ní ìyàwó òun ni. Ọbẹ̀ ń kọ́? Ìyàwó òun ni. Ta ló ru iṣu náà wálé láti oko? Ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí wo òkè àjà. Àwọn olorì tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé rẹ́rìn-ín títí aṣọ ìkélé fi já.

Kábíyèsí náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọwọ́ ìyàwó bá gún iyán tó di iyán ọkọ, ọwọ́ ìyàwó lè hú kùkùté kó di ọ̀wẹ̀ ọkọ!

Nítorí náà, òfin karùn-ún! Ẹ gbọ́ o! Ìgbéyàwó yóò ṣáájú, kùkùté yóò tẹ̀lé! Bàbá kò búra èyí tí yóò ṣáájú! Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, Fadékẹ́mi yóò wọlé ọkọ. Bó bá ti wọlé, kó jáde padà, kó dé akoto, kó lọ hú kùkùté bàbá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ Gbọ́lágadé ni. Ọ̀wẹ̀ pé! Ọ̀wẹ̀ pé! Ẹni tó bá jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ gún iyán tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Gbọ́lágadé yóò di okùn mú. Yóò wà lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà yóò rán aṣọ ìkélé sílé ìwẹ̀ Kábíyèsí títí ògiri yóò fi dìde. Kí apá ọ̀tún má gùn ju tòsì lọ!

Òfin kẹfà, òun ló kẹ́yìn! Bàbá Ọdẹ́wálé yóò jókòó sórí àga rẹ̀ lójú gbogbo ìlú, bó ṣe fẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. A óò pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n yóò gbé omi sẹ́nu! Kò gbọdọ̀ gbé e mì! Kò gbọdọ̀ tu ú dànù títí kùkùté yóò fi jáde! Nítorí bó bá tún pàṣẹ pẹ́nrẹ́n, ẹ mọ ọmọ yẹn, yóò tún dọ̀bálẹ̀!

Àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Kábíyèsí ní bó bá jẹ́ àárín ìlú ni, ká ro ẹni tó ń wẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin kan ń bèèrè bóyá bàbá náà yóò gbà. Akéde kọjá níwájú ilé rẹ̀ kó tó dé ìdí ọjà yìí. Fadékẹ́mi ń dán ayùn rẹ̀ wò lẹ́yìnkùlé. Bàbá Ọdẹ́wálé jókòó sórí kùkùté. Akéde kí i, kò dáhùn. Akéde tún un kí, kò dáhùn. Akéde sún mọ́ ọn, ó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú. Omi ni! Ó ti ń fi kọ́ra. Ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Gbọ́lágadé, ó ń jùwọ́ sí akéde pé kó yára, kó lọ sọ fún ọmọ náà kó nu ojú rẹ̀.

Akéde ti lọ sọ ọ́. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún akéde, akéde sì gbé e dìde.

Ẹnu akéde ló ti wá, ọ̀rọ̀ ọba ni. Etí yín ló gbà á, ọrùn yín ló wà. Kí ẹni tó wà nílé sọ fún ẹni tó wà lóko, kí ẹni tó wà lórí igi sọ̀ kalẹ̀ wá gbọ́ ọ. Kóń-kò-kóń!