Apá Tí Mo So Kọ́ Ọrùn Nítorí Agboòrùn

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ náà ni mo so apá mi tó le koko kọ́ ọrùn bí ẹni tó já lórí ọ̀pẹ, díẹ̀ ló sì kù kí apá ọ̀hún gba ìyàwó lọ́wọ́ mi kí n tó gbé e wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mò ń ṣe ní Ìkàrẹ́ nígbà tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, tí ọmọdé àti àgbà ṣì ń sá jáde wá wo mọ́tò. Ajẹ́lẹ̀ yìí fẹ́ràn eré kan tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀fù. Wọ́n á fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, funfun bí ẹyin àdàbà, títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Ẹni tí iye ìgbà tó gbá a bá kéré jù ló borí. Ó ro pápá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbẹ́ ihò mẹ́fà síbẹ̀. Nígbà tí kò rí òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣeré, ó kọ́ àwa tó wà nítòsí: akọ̀wé rẹ̀, ọlọ́pàá méjì, àti èmi tí mò ń bá a tún ọ̀pá rẹ̀ ṣe.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé gbogbo ọ̀pá tí mo bá tún ṣe ni mo máa ń dán wò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní ìdájí. Láàárín oṣù mẹ́ta, bọ́ọ̀lù ti ń gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu. Mo dákẹ́ ni.

Ajẹ́lẹ̀ wá gbé agboòrùn dúdú ńlá kan kalẹ̀ fún ẹni tó bá borí. Kí eré lè dọ́gba, ó ní kí oníkálukú kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún àárọ̀ mẹ́ta, kí òun lè rí bó ṣe mọ̀ ọ́n tó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì mọ́ ọn, wọn yóò yọ iye kan fún un nínú iye ìgbà tó bá gbá a lọ́jọ́ ìdíje. Àwa ń pe iye yẹn ní àánú.

Agboòrùn yẹn wọ̀ mí lójú. Mo ń fẹ́ Ràfátù, ọmọ àgbẹ̀ oníṣu kan ní Ọ̀kà, mo sì rò ó pé tí bàbá rẹ̀ bá rí irú rẹ̀ gbà, tó ń gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ni mo bá fi aṣọ so apá ọ̀tún mi kọ́ ọrùn, mo ní láti kékeré ni kò ti lè gbé nǹkan sókè. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù. Mo gbá koríko, mo gbá erùpẹ̀, mo tilẹ̀ gbá bàtà ọlọ́pàá kan. Akọ̀wé gba àánú mẹ́rin. Èmi gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Mo ń kérora lọ sílé, àmọ́ inú mi ń dùn.

Ọgbọ́n mi ni pé tó bá ku ihò méjì, màá ní ara ti ń tù mí díẹ̀, màá sì tú apá sílẹ̀. N ò rántí pé ọjọ́ ìdíje bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ìkàrẹ́. Nídìí ihò kejì ni mo ti gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

“Àna wa, kí ló ṣe ọ́ lápá?”

Bàbá Ràfátù ni, ó ń ti ọjà bọ̀, iṣu méjì tí kò tà wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

“Ó ń dùn mí díẹ̀ ni, bàbá.”

“Díẹ̀ kẹ̀?” Akọ̀wé ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. “Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Láti kékeré ni kò ti lè gbé e. Ìdí rẹ̀ la ṣe fún un ní àánú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Bàbá wo apá tí mo so kọ́ ọrùn. Ẹ sì mọ̀ pé ní tiwa, ẹni tó ń fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ lọ kọ ebè fún àna rẹ̀ lóko. Tèmi ku ọjọ́ mẹ́jọ.

“Igba ebè ló kàn ọ́,” ni bàbá wí. “Ọwọ́ wo lo fẹ́ fi kọ ọ́? Ara tí kò le kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi. Àmọ́ o fi pamọ́ fún wa. N ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.” Ó gbé iṣu méjèèjì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. “Máa jẹ èyí, kí ara rẹ lè le.” Ó yí padà, ó ń lọ.

Mo wo agboòrùn. Mo wo ẹ̀yìn bàbá. Mo já aṣọ ọrùn mi.

“Bàbá, ẹ dúró, ẹ wò ó!”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá mú, mo gbá bọ́ọ̀lù. Ó fò kọjá orí igi máńgòrò, ó balẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó wọ ihò. N ò gbá irú rẹ̀ rí, n ò sì tún gbá irú rẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ajẹ́lẹ̀ yọ páìpù tábà lẹ́nu, ó wo apá mi, ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀. Ó fa ìlà lórí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mi. Ó ronú díẹ̀, ó wá fa òmíràn lórí orúkọ mi.

“Ẹ wá wo nǹkan!” Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. “Iṣu bàbá ti wò ó sàn, kò sì tíì sè é!”

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. “Lóko tiwa, ọ̀dọ́ ń kọ igba ebè, arúgbó ń kọ ọgọ́rùn-ún. N ò rí ọ̀dọ́ tó pe ara rẹ̀ ní arúgbó rí, torí ẹlòmíràn ni yóò kọ èyí tó bá ṣẹ́ kù. Àánú mélòó ni wọ́n ní o gbà?”

“Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàbá. Wọ́n ti gbà á padà.”

“Èmi ò tíì gba tèmi. Tí o bá ṣì ń fẹ́ ọmọ mi, ogún ebè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igba tó kàn ọ́ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o.”

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ebè! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Akọ̀wé ló gba agboòrùn, ó sì gbé e wá sí Ọ̀kà, ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ létí oko, ó ń bá mi ka ebè. “Ó ku ọgọ́jọ, apá ńkọ́?” Ràfátù ń gbé omi wá fún mi, ẹ̀rín ló ń da ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tó ku ogún ebè, apá mi kọ̀ pátápátá. Mo gbìyànjú títí, ọkọ́ ò gbéra. Bàbá rìn wá, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi.

“Fi sílẹ̀,” ló wí. “Èyí ni òótọ́.” Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ogún tó kù.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ẹni tó rẹ̀ lóòótọ́ ló ni àánú, ẹni tó bá sì purọ́ gbà á, ti ẹni tó rẹ̀ ló jí. Títí dòní, tí mo bá ní apá ń dùn mí, tí n ò lè gúnyán, Ràfátù kì í bá mi jà. Yóò kàn wò mí láti òkè délẹ̀, yóò ní, “Mélòó ni ká yọ fún ọ lónìí?” Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì gbé ọmọ odó.